Omi Tòmátì Tí Mo Fi Jáàkì Fún Dànù

Ìwé kan wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fi dáná. Ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti fàya, òróró sì ti ta sí i lára. Mo fi rúlà pín ojú-ewé kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́ta: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ ni iye ṣíbí oúnjẹ tí ọmọbìnrin mi jẹ lójoojúmọ́, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje.

Bí ènìyàn bá ṣí i, ohun tí yóò rí nìyí. Ọjọ́ Ajé: àárọ̀, ògì, ṣíbí mẹ́ta. Ọ̀sán, kò jẹ. Alẹ́, ìrẹsì, ṣíbí méjì, ó bì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: àárọ̀, kò jẹ. Ọ̀sán, ògì, ṣíbí kan àti ààbọ̀. Mo kọ ààbọ̀ nítorí pé ó dá ìyókù padà sínú abọ́, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún ara mi.

Ibà ló ṣe ọmọ náà. Oògùn tí wọ́n fún wa ní ibùdó ìlera lé ibà lọ, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ibà ti ń lọ, ó mú adùn ẹnu ọmọ náà dání. Ohun gbogbo korò lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá gbé e, mo máa ń mọ egungun ìhà rẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì lè kà wọ́n. Mo kà wọ́n lóòótọ́.

Ìyá mi, tí ó ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa, rí mi pẹ̀lú ìwé náà níjọ́ kan.

Ó ní, "Kí lò ń kọ?"

Mo ní, "Oúnjẹ ọmọ ni, Ìyá. Ṣíbí tó jẹ."

Ó wò mí títí. "Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìwọ wá ń ka ṣíbí ọmọ fún ara rẹ. Ṣé ọmọ á rí oúnjẹ gbé mì nígbà tí ojú bàbá rẹ̀ bá wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀?"

Mo ti pa ìwé dé, ṣùgbọ́n ìka mi ṣì wà láàárín ojú-ewé.

Ó yẹ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí inú iṣẹ́ yẹn ni àṣìṣe mi ti wá. Igbótako ni à ń gbé. Mo ka ìwé mẹ́wàá tán, mo sì ń rin ẹ̀gẹ́, mo ń fún un fún àwọn tí ń ṣe gàrí àti pupuru. Ẹni tí kò bá mọ pupuru, oúnjẹ àwa Ìkálẹ̀ ni: a ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ kúrò, a ó mọ ọ́n ribiti-ribiti, a ó gbé e sórí àjà kí iná àti èéfín yan án. Gàrí ni, pupuru ni, kò sí èyí tí kò ní gba abẹ́ jáàkì mi kọjá. Jáàkì ọkọ̀ ńlá ni, a gbé e há àárín irin mẹ́rin. Àpò ẹ̀gẹ́ á wà nísàlẹ̀, pákó á wà lórí àpò, jáàkì á wà lórí pákó. N óò máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, omi á máa jáde lójú àpò, á ṣàn gba gọ́tà lọ sínú kòtò tí mo gbẹ́ sẹ́yìn àtíbàbà.

Omi yẹn ni mò ń bẹ̀rù jù láyé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ewúrẹ́ ìyá mi kan mu nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀. Mo dúró tì í, mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Kò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó wolẹ̀, kò sì dìde mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí omi ẹ̀gẹ́ bá ta sí mi lẹ́sẹ̀, mo máa ń lọ ṣan ẹsẹ̀ kí n tó ṣe ohun mìíràn.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo fi èédú fa ìlà kan sórí símẹ́ńtì iwájú àtíbàbà. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà láàárín ìlà náà àti ẹnu gọ́tà. Mo ń tún un fà ní àràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí ó má baà parẹ́. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ ré e kọjá. Ìyàwó mi, tí ó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Ọkọ mi yìí, bí ó bá rí èédú tí yóò mú afẹ́fẹ́, ó ti fa ìlà yí òjò ká." Wọn a sì rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a padà lọ sí ibùdó ìlera nítorí àìjẹun yìí, nọ́ọ̀sì tí ó dá wa lóhùn bi mí pé kí ni ọmọ náà máa ń fẹ́ kó tó ṣàìsàn. Àgbàlagbà obìnrin ni, kì í kánjú.

Mo ní, "Tòmátì ni."

"Tòmátì? Tútù àbí sísè?"

"Bí ó bá rí i tútù, á jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ọsàn. Ìyá rẹ̀ kì í lè gbé tòmátì sílẹ̀ lójú rẹ̀. Tí wọ́n bá fi se ọbẹ̀, ọbẹ̀ náà ni yóò jẹ, á fi ìrẹsì sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó ní tòmátì kì í ṣe oògùn ibà, kí n má lọ máa sọ bẹ́ẹ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n ó ní ó máa ń ta ẹnu jí, ó ní àwọn èròjà tí ara fi ń gbógun ti àìsàn, ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ dọ̀tun lára ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ó ní, "Ẹ fi se ẹ̀wà fún un, ẹ fi se ẹ̀fọ́. Ohun tí ẹnu rẹ̀ bá gbà ni kí ẹ máa gbà wọlé." Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni àsìkò. Oṣù díẹ̀ ni tòmátì fi ń pọ̀ lọ́jà Òkìtìpupa, tí wọ́n ń kó o wá láti Òkè Ọya nínú apẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ti mú ilẹ̀ dáadáa, á di ohun àwátì. Igi tòmátì méjì tí ó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ wa, àwọn kéékèèké onígun-ún-gun-ún yẹn, òjò ni yóò kọ́kọ́ jẹ ewé wọn. Òjò sì ti ń ṣú. Mo jókòó, mo ṣírò ọ̀sẹ̀ tí ó kù. Bí ọmọ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu nígbà tí tòmátì bá tán, kí ni n óò fún un?

Ìyàwó mi ní kí a ra tòmátì inú ọ̀rá sílẹ̀. Mo ra ẹyọ kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n kọ tòmátì, wọ́n kọ omi, wọ́n kọ sítáàṣì, wọ́n kọ àwọ̀. Mi ò sọ pé ó burú. Àwọn tí ó ṣe é kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ síta, wọn ò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fún ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́ kò nílò kí ẹlòmíràn ta sítáàṣì fún un. Mo ní tòmátì gidi ni ọmọ mi yóò jẹ, àwa fúnra wa ni yóò sì ṣe é tí yóò fi ki.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó mi lọ sọ́jà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì dé. Wọ́n pọ́n dáadáa, díẹ̀ nínú wọn ti ń rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìkòkò síta, ó sì ń ṣa igi jọ.

Mo ní, "Fi igi yẹn sílẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ yọ omi rẹ̀."

"Ẹ fẹ́ yọ omi rẹ̀ báwo, Bàbá ọmọ mi?"

"Iṣẹ́ ta ni omi yíyọ ní àdúgbò yìí?"

Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Iṣẹ́ yín ni, sà. Mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni fi jáàkì se ọbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kàwé."

Èrò mi rọrùn, ó sì dá mi lójú. Tòmátì inú ọ̀rá ki, tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ kún fún omi. Omi yẹn ti gba ibìkan jáde. Ní ilẹ̀ wa, ohun tí omi bá wà nínú rẹ̀ tí a fẹ́ kó ki, inú àpò ló ń lọ, òkúta tàbí jáàkì ló sì ń gùn ún. Báyìí ni bàbá mi ṣe, báyìí ni gbogbo ìlú ń ṣe. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọkàn mi ti gbà láti ìgbà èwe pé omi tí ó bá jáde lójú àpò, aburú inú nǹkan náà ló ń bá a lọ. Ohun rere ló ń kù sínú àpò.

Mo ṣe é pẹ̀lú ìmọ́tótó. Mo fọ pákó lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ọṣẹ fọ irin, mo lo àpò tuntun tí ẹ̀gẹ́ kò kàn rí. Ìyàwó mi lọ tòmátì apẹ̀rẹ̀ kan, mo dà á sínú àpò, mo di ẹnu rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ jáàkì. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò fọ̀, gọ́tà ni. Mo rò pé omi tí a ń dànù ló ń gba ibẹ̀, kí ni n óò fọ̀ ọ́ fún?

Omi náà jáde pupa, ó mọ́ lóló bí omi ìṣápá. Mo ń tẹ jáàkì, inú mi ń dùn. Mo ń rò ó pé ṣíbí mélòó ni yóò jáde nínú àpò yìí, fún ọ̀sẹ̀ mélòó. Mo yí ẹ̀yìn padà láti mú pákó kejì.

Nígbà tí mo yíjú sẹ́yìn, ọmọ mi ti ré ìlà kọjá. Ó lóṣòó sẹ́nu gọ́tà. Ó ti pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí abọ́, ó ń bu omi náà, ó ń mu ún. Ó ti pupa láti imú dé àyà.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí dà bí ẹ̀jẹ̀ lójú mi, lẹ́yìn náà ni mo rántí gọ́tà, lẹ́yìn náà ni mo rí ewúrẹ́ ìyá mi bí ó ti ń gbọ̀n. Mo gbé ọmọ náà sókè, mo ń pariwo, "Tutọ́! Tutọ́ dànù!" Ó wò mí tìyanutìyanu.

Ó ní, "Ó ti wọlé, Dádì."

Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo mú ìgò epo pupa. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá gbé májèlé mì, epo ni kí a fún un mu kí ó lè bì. Ìyàwó mi ti jáde, àbẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín ètè rẹ̀. Ó yọ àbẹ́rẹ́, ó gba ọwọ́ mi mú.

"Kí ló mu?"

"Omi gọ́tà! Omi gọ́tà ẹ̀gẹ́ ló mu!"

"Ọmọ tí kò rí nǹkan jẹ láti oṣù kan, ẹ fẹ́ kó bì? Kí ni yóò bì? Ìfun ni? Ẹ pe ọ̀kadà!"

Ọ̀kadà kan ń kọjá lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọmọ náà wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà, ìgò epo ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ pé mo mú un dání. Mo gbé etí sẹ́yìn ọmọ náà, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ń bi í lọ́nà pé, "Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé ojú ń yí ọ?" Ó ní rárá. Ó ní epo ń ta sí òun lẹ́sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà yẹn náà la bá. Mo ṣàlàyé: omi, gọ́tà, ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́. Ó gbé ọmọ náà lé bẹ́ǹṣì, ó wo ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìgbà wo lẹ ti fún ẹ̀gẹ́ gbẹ̀yìn?"

"Àná ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."

"Omi wo ló ń ṣàn nígbà tó mu ún?"

"Ti tòmátì."

"Tòmátì báwo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa àpò àti jáàkì. Bí mo ti ń sọ ọ́, mo ń rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tí mo dé ibi pákó kejì, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ fi jáàkì fún tòmátì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ wá da omi rẹ̀ sí gọ́tà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà, ó dá ẹ̀rín dúró, ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé àyà mi ṣì ń já. Ó ní omi ẹ̀gẹ́ kò ṣe é fi ṣeré, òun kò dá mi lẹ́bi pé mo sáré. Ó ní ìyókù ẹ̀gẹ́ tí ó wà lójú gọ́tà kò lè pọ̀, omi tòmátì tí ó ń ṣàn sì ti fọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n kí a jókòó kí òun máa wò ó. Ó rí ìgò tó wà lọ́wọ́ mi.

"Èyí ńkọ́?"

"Epo ni. Mo fẹ́ fún un mu kó lè bì."

Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. "Ẹ má dán an wò láé. Ohun tó ń padà bọ̀ lọ́nà ọ̀fun lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí ọmọ bá gbé nǹkan burúkú mì, ẹ gbé e wá, kò tán? Inú ọbẹ̀ ni àyè epo wà."

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo gbé ojú lé aago ọwọ́ mi, mo ń ka èémí ọmọ náà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ń wá wò ó látìgbàdégbà, ó ń dá àwọn ìyá ọlọ́mọ lóhùn, ó ń padà wá. Nígbà kan, ó dúró, ó sọ ohun tí mi ò gbàgbé fún mi. Ó ní nínú ẹ̀gẹ́, omi ni a ń sá fún. Nínú tòmátì, omi yẹn gan-an ni èrè. Ohun tó ń ta ẹnu jí wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tó ń gbógun ti àìsàn wà níbẹ̀. Ó ní iná ń dín nǹkan kan kù nínú rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iná náà ló ń tú ohun pupa inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ara lè rí i lò, pàápàá bí epo díẹ̀ bá wà níbẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ní epo yín, inú ọbẹ̀ ni."

Mo ní, "Kí wá ni ó kù sínú àpò mi?"

"Èèpo àti kóró," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé láti ka èémí fún ìṣẹ́jú méjì. Mo ti fa ìlà láti lé ọmọ mi jìnnà sí ohun búburú, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi da ohun tí ó ń fẹ́ sí òdìkejì ìlà náà. Òun ló mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un.

Ìyàwó mi dé pẹ̀lú aṣọ tí ọmọ náà yóò pààrọ̀. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan, ó ń nu epo kúrò lára rẹ̀. Nǹkan bí aago méjì, ọmọ náà fa ẹ̀wù mi.

"Dádì."

Mo fò dìde. "Kí ló ń ṣe ọ́? Inú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá o! Inú ń run ún!"

Ọmọ náà gbọn orí. "Kò run mí. Ebi ló ń pa mí."

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò, ó ń wo ògiri. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ méjì ni a ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì ti gbọ́ ariwo mi, ó ti dé. Ó gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ, ó padà wọ yàrá rẹ̀, ó sì gbé fúláàsìkì oúnjẹ tirẹ̀ jáde: ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata pupa. Mo ní, "Rárá, mà, oúnjẹ ọ̀sán yín ni." Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lebi ń pa ni?" Ó bù ú sí ìdérí fúláàsìkì, ó fi ṣíbí sí i, ó gbé e fún ọmọ.

Ọ̀kan. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Èjì. Ẹ̀ta. Mo ń kà á sínú, ṣùgbọ́n ètè mi ń mì. Ní ṣíbí keje, ó dá ọwọ́ dúró. Ó wo ojú mi.

Ó ní, "Dádì, ẹ má kà mí mọ́."

Ìyàwó mi pa ẹ̀rín mọ́nú títí ó fi di omijé. Mo dìde, mo jáde lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò níta, mo kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Mo ń gbọ́ ṣíbí tí ń kan ìdérí, mi ò sì kà á. Ó nira fún mi ju jáàkì lọ.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni nọ́ọ̀sì ní kí a máa lọ sílé. Nígbà tí a dé, ìyá mi ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò, ó sì ti ṣí àpò mi wò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di ìṣù kan, ó gbẹ, ó fọ́ sọ́wọ́. Ìyàwó mi mú díẹ̀ níbẹ̀, ó mọ ọ́n ribiti láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e síwájú mi.

"Bàbá ọmọ mi, pupuru yín rèé. Ṣé kí n gbé e sórí àjà kí èéfín yan án?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Omi ẹ̀gẹ́, ọ̀tá ni. Omi tòmátì, ọmọ ilé ni. Ta ló ń lé ọmọ ilé síta?" Ó ní kí a gbé apẹ̀rẹ̀ kejì wá.

A ṣa àwọn tó ti bàjẹ́ kúrò, a fọ̀ wọ́n, ìyàwó mi lọ̀ wọ́n, a fi ajọ̀ sẹ́ èèpo àti kóró kúrò. A da gbogbo omi náà sínú ìkòkò. Ìyá mi ní kí iná má pọ̀, kí n má sì fi ọwọ́ yára, kí omi fúnra rẹ̀ máa gba òkè lọ díẹ̀díẹ̀. Mo rò ó fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú ogún. Lẹ́yìn ìgbà náà, mo gbọ́ lórí rédíò bí àwọn ilé-iṣẹ́ tòmátì ńlá ṣe ń ṣe tiwọn: wọ́n á ṣà á, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ni ìkòkò onídèérí ńlá kan á fa ooru omi náà jáde láìjẹ́ kí iná pọ̀ jù. Mo jókòó ti rédíò náà, mo ń rẹ́rìn-ín. Àyàfi ìkòkò onídèérí, ohun tí ìyá mi sọ ni.

Bí ó ti ki, mo da epo pupa inú ìgò yẹn sí i, ìgò tí mo gbé lọ gbé bọ̀. Nọ́ọ̀sì ti ní bí a óò bá kó o sí ìgò, kí a fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí a fi omi gbígbóná se ìgò àti ìdérí ṣáájú, kí a sì tún se ìgò tòun ti tòmátì lẹ́yìn tí a bá ti dé e. Iná ìjọba kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé fún fíríìjì. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ìgò mọ́kànlá ló jáde. Mo sọ fún ìyàwó mi pé èyíkéyìí tí ìdérí rẹ̀ bá wú, tàbí tí òórùn rẹ̀ bá yí padà, kí ẹnikẹ́ni má tọ́ ọ wò. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìlà á wà níbì kan."

Ìlà èédú ṣì wà. Mi ò pa á rẹ́, nítorí pé omi ẹ̀gẹ́ kò tíì yí ìwà padà. Ṣùgbọ́n mo gbé tábìlì kan sí ìhà tibí ìlà náà, níbi tí ọmọ náà lè dé, ajọ̀ àti ọpọ́n ló sì wà lórí rẹ̀. Bí tòmátì bá ti pọ̀ lọ́jà, èmi àti òun la jọ ń sẹ́ ẹ. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí. Omi àkọ́kọ́ tó bá jáde, tirẹ̀ ni, nínú ife, kì í ṣe lẹ́nu gọ́tà. Ó ń mu ún, èmi ń wo ibòmíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà tí a kó tòmátì sí ìgò, a fi ìyókù ìsàlẹ̀ ìkòkò se ẹ̀wà. Ọmọ náà jókòó ti ìyá mi. Èmi jókòó síbi tí mi ò ti ní rí abọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó abọ́ kúrò, mo mú ìwé àti bírò, mo ṣí ojú-ewé, mo rí àyè mẹ́ta tí mo fi rúlà pín. Ní ti àárọ̀, mo ti kọ ṣíbí méjì. Ní ti ọ̀sán, mo kọ pé méje, lẹ́yìn náà mi ò mọ̀. Mo di bírò mú pẹ́ kí n tó kọ ti alẹ́. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: ó jẹun. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí.